Ìwé Ìlera Arìnrìn-àjò: Bí Ẹ Ṣe Lè Múra fún Òfin Ẹnu Ibodè Nígbà Àjàkálẹ̀-Àrùn

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà náà kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ó gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ aago sí, ó wá ń ka ọjọ́ lábẹ́ ètè: "Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú." Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè: "Ẹ má bínú, sà, ó ti fi wákàtí méjì lé."

Wákàtí méjì péré! Ara mi le, èsì àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí àrùn lára mi, físà wà nínú ìwé ìrìnnà, mo sì ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì pé. Bàálù gbéra, èmi àti ẹrù mi padà sílé.

Ọ̀rọ̀ òfin ìlera ẹnu ibodè kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ara ẹni le tàbí kò le. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, àti ọ̀rọ̀ aago. Ìlú tí ẹ ń lọ ló ṣe òfin, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló máa kọ́kọ́ dájọ́ yín, níbi tí ẹ ti ń gbéra. Tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé débẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lè bu owó ìtanràn lé, òun náà ló sì máa gbé onítọ̀hún padà. Ẹ má retí àánú lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lórí ìwé nìkan ló máa wò.

Ṣé àwọn òfin yìí ṣì wà?

Ti COVID-19 ti rọlẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n fa ìkéde náà sẹ́yìn. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti kó fọ́ọ̀mù àti àyẹ̀wò wọn nílẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ (yellow fever) ti wà kí COVID-19 tó dé, ó sì ṣì wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ náà wà, ti yírùnyírùn sì wà fún àwọn tó ń lọ sí Hájì. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, WHO tún kéde pàjáwìrì mìíràn, ti àrùn mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀; ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n fa ìyẹn náà sẹ́yìn. Òfin Ìlera Àgbáyé tí àwọn ìjọba jọ ń tẹ̀ lé, wọ́n tún un ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ìpele kan ti wà nínú rẹ̀ báyìí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn pàjáwìrì àjàkálẹ̀-àrùn gan-an. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí nígbà COVID-19, ti èyí tó bá tún dé kò ní ṣàjèjì sí i. Ìdí nìyẹn tí màá fi máa mú àpẹẹrẹ láti àsìkò náà.

1. Ẹ lọ ka òfin níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí

"Àbúrò mi gba ibẹ̀ kọjá lóṣù tó kọjá, wọn ò bi í ní nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yìí kò lè gbé yín wọ bàálù. Ojú-ewé ìjọba orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ni kí ẹ ṣí, yálà ti ilé-iṣẹ́ ètò ìlera wọn tàbí ti àwọn tó ń mójú tó ìwọlé-wọ̀de. Kí ẹ tó ka ohunkóhun níbẹ̀, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣàtúnṣe sí i kẹ́yìn. Tí kò bá sí ọjọ́ kankan lójú-ewé náà, ẹ má gbára lé e.

Àkójọ òfin kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Timatic. IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, ló ni ín, òun sì ni òṣìṣẹ́ káńtà máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan máa ń jẹ́ kí èrò náà wò ó: ẹ máa tẹ orílẹ̀-èdè tó fún yín ní ìwé ìrìnnà àti ibi tí ẹ ń lọ, yóò sì tú òfin sílẹ̀ fún yín. Ó dára kí ẹ rí ohun tí ẹni tó máa dá yín lẹ́jọ́ ń rí.

Ẹ wò ó nígbà mẹ́ta: kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àti lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, South Africa fi tó WHO létí pé ẹ̀yà kòkòrò tuntun kan ti yọjú. Lọ́jọ́ 26, WHO sọ ọ́ ní Omicron, ọjọ́ yẹn kan náà sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà sínú àtòkọ pupa, ìyẹn àtòkọ àwọn ibi tí òfin le jù fún ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá. Ọjọ́bọ̀ ló wà láàárín. Ẹni tó ka òfin lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, tó sì rin lọ́jọ́ Àìkú, òfin mìíràn pátápátá ló bá pàdé.

Bí ẹ bá ń kà á, ẹ máa wá ibi tó bá yín wí. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń pín èrò: ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè wo lẹ ní, níbo lẹ ti wà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ṣé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Èyí tó wà láàárín ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo àtòkọ aláwọ̀ mẹ́ta láti ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọmọ ìyá méjì tó ní ìwé ìrìnnà kan náà lè jọ balẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan gba ilé lọ, kí èkejì gba hòtẹ́ẹ̀lì ìsémọ́ lọ, torí pé ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan péré ní orílẹ̀-èdè tó wà nínú àtòkọ pupa.

2. Ẹ to ìrìn-àjò yín sórí bébà

Bébà gidi ni mo ń sọ. Ẹ kọ gbogbo ìlú tí ẹsẹ̀ yín máa kàn, títí kan pápákọ̀ tí ẹ kàn fẹ́ ti pààrọ̀ bàálù. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago tí ẹ máa dé àti aago tí ẹ máa kúrò. Lókè bébà náà, ẹ kọ àwọn ibi tí ẹ ti wà ní ọjọ́ 14 sẹ́yìn, tàbí iye ọjọ́ tí òfin bá dá.

Pápákọ̀ àárín ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ fi ń rìn, tí wọ́n sì ti lẹ orúkọ ìlú tí ẹ ń lọ gan-an mọ́ ẹrù yín, ẹ lè má kọjá níwájú ìmígíréṣọ̀n ibẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà torí pé ó dínwó, ó ṣeé ṣe kí ẹ ní láti jáde lọ gba ẹrù, kí ẹ tún gbé e lọ sí káńtà mìíràn. Bí ẹ bá ti jáde lọ gba ẹrù, ẹ ti wọ orílẹ̀-èdè náà nìyẹn. Físà rẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀, fọ́ọ̀mù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti kàn yín. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì pamọ́, àyẹ̀wò kan ṣoṣo lè gbé e mì.

3. Ẹ ka wákàtí bí ẹni ń ka owó

Ibí yìí ló gba sùúrù jù, òun náà ló sì lé mi padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Tí òfin bá sọ pé "àyẹ̀wò PCR láàárín wákàtí 72" (PCR ni èyí tí láàbù fi ń wá àmì kòkòrò àrùn), ìbéèrè mẹ́ta ló sá pamọ́ sínú gbólóhùn kékeré náà.

Ìgbà wo ni kíkà bẹ̀rẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé níbi gbogbo, aago tí wọ́n ti ọ̀pá olówùú bọ imú yín ni, kì í ṣe aago tí èsì jáde. Ìwé èsì sábà máa ń gbé aago méjèèjì, ti èsì sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà lókè. Èyí tó kéré nísàlẹ̀ yẹn ni tiyín.

Ìgbà wo ló parí? Orílẹ̀-èdè kan á ní kí bàálù àkọ́kọ́ tó gbéra. Òmíràn á ní bàálù ìkẹyìn, ìyẹn èyí tó máa já yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá balẹ̀ ló máa kà á dé.

Ṣé wákàtí ni àbí ọjọ́? Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́jọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2021, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sọ, wọn ò sọ wákàtí 72. Ẹni tó ń fò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè lo àyẹ̀wò tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ju wákàtí 80 lọ. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ kan, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pa á rẹ́ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2022.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣàlàyé. Mo ti sọ gbogbo aago inú rẹ̀ di ti ibi tí mo ti gbéra, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí aago ìlú mẹ́ta tó dà pọ̀ mọ́ra á yí yín lórí. Bàálù àkọ́kọ́ fẹ́ gbéra ní aago 10 alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàálù kejì, èyí tó máa gbé mi dé ibi tí mò ń lọ, fẹ́ gbéra ní aago 11 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kó sì balẹ̀ ní aago 7 ìrọ̀lẹ́. Aago 9 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gba èròjà nímú mi. Lójú tèmi, láti Ọjọ́bọ̀ sí alẹ́ Àbámẹ́ta kò tó nǹkan: wákàtí 61 ni. Mo tiẹ̀ ń yangàn. Ṣùgbọ́n òfin ibi tí mò ń lọ sọ pé bàálù ìkẹyìn ni wọ́n máa kà á dé. Láti aago 9 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ sí aago 11 àárọ̀ Àìkú, wákàtí 74 ni. Ká ní òfin ìbalẹ̀ ni, ìyẹn títí ẹsẹ̀ fi kan ilẹ̀, wákàtí 82 ni ì bá jẹ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nìyí. Kí n bẹ̀rẹ̀ láti aago tó pẹ́ jù lórí bébà mi, ìyẹn aago 7 ìrọ̀lẹ́ Àìkú, kí n máa ka ẹ̀yìn bọ̀. Wákàtí 72 á gbé mi dé aago 7 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí n wá fi wákàtí mẹ́wàá, ó kéré tán, sílẹ̀ fún bàálù tó bá pẹ́: ìyẹn ti di aago 5 ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Tí mo bá ṣe àyẹ̀wò ní aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá kà á títí mo fi balẹ̀, wákàtí 59 ló máa jẹ́. Tí èsì bá gba odindi ọjọ́ kan, ó máa jáde ní aago 8 àárọ̀ Àbámẹ́ta, èmi á ṣì ní wákàtí 14 kí bàálù tó gbéra. Irú òfin yòówù kó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ láàbù kù níbẹ̀. Wọ́n lè kọ "èsì láàárín wákàtí 24" sára ògiri kí wọ́n má sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n báyìí ni pé: "Ẹni tó ṣe é láàárọ̀ àná, ṣé èsì rẹ̀ ti jáde?" Bí akọ̀wé bá ṣe wojú ẹnì kejì rẹ̀ kó tó dáhùn, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

4. Àyẹ̀wò àti ìwé èsì

PCR ń wá àmì kòkòrò náà fúnra rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìjọba fi gbà á jù. Àyẹ̀wò antigen, tó ń wá èròjà ara kòkòrò náà, máa ń tètè jáde, láàárín bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á sábà máa ń fún un ní wákàtí tó kéré sí ti PCR. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ara ti bá àrùn náà jà rí, ẹ má gbé e dé káńtà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń béèrè. Èyí tí ẹ bá fúnra yín ṣe nílé, ẹ kà á sí pé wọn ò ní gbà á, àfi tí òfin bá dárúkọ rẹ̀ tó sì sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa wò yín bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní àṣà tiwọn lórí ìwé. Nígbà COVID-19, Japan ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ tó fẹ́ kí láàbù kọ èsì sí, ó sì sọ irú èròjà tí òun máa gbà, bóyá láti ọ̀nà imú ni tàbí itọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí irú ibẹ̀, kó tẹ fọ́ọ̀mù náà kó mú un dání lọ sí láàbù.

Ní gbogbogbòò, ìwé èsì gbọ́dọ̀ gbé orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, ọjọ́ ìbí, irú àyẹ̀wò, ọjọ́ àti aago tí wọ́n gba èròjà, èsì, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì láàbù. Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tún dára kó wà níbẹ̀. Ẹ má kúrò níwájú akọ̀wé títí ẹ ó fi kà á tán lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wọ́n bí ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ 4 oṣù Keje. Akọ̀wé kọ 07/04. Ní káńtà, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ni wọ́n kà á sí, wọ́n ní ìwé ẹlòmíràn ló mú wá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé láàbù náà ní ẹni tó gbé fóònù lóru ọjọ́ yẹn. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn lọ́wọ́ COVID-19 ńkọ́? PCR lè máa sọ pé ó wà lára yín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Torí èyí ni Amẹ́ríkà fi gba èsì tó fi àrùn hàn, tí kò tíì ju ọjọ́ 90 lọ, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà pé ara onítọ̀hún ti le tó láti rin. Ní Yúróòpù nígbà náà, ọjọ́ 180 ni ìwé ẹni tó ti gbádùn fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣàìsàn, ẹ fi ìwé èsì àìsàn yẹn pamọ́. Ọ̀pọ̀ ló fi ìbínú fa tiwọn ya.

Ìwé ayédèrú? Ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní kóòdù QR tó máa ń gbé èsì wá tààrà láti ọ̀dọ̀ láàbù, ọ̀ràn tó sì wà nídìí ayédèrú ju ọ̀ràn bàálù tó fi yín sílẹ̀ lọ.

5. Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wò: irú abẹ́rẹ́, iye rẹ̀, ọjọ́ tó ti pé lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí ìwé náà máa kú.

Abẹ́rẹ́ tí WHO fọwọ́ sí ló láyè jù. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìjọba ló ń tẹ̀ lé WHO. Ní àárín ọdún 2021, Covishield, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, kò sí nínú ohun tí àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Yúróòpù fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ AstraZeneca náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló wá ń fúnra rẹ̀ sọ bóyá òun gbà á. Tí káàdì yín bá gbé orúkọ kan tí àtòkọ wọn sì gbé òmíràn, ẹ má sọ pé "ọ̀kan náà ni". Ẹ wá ibi tí ìjọba wọn ti kọ ọ́ pé ọ̀kan náà ni, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síta.

Ọjọ́ 14 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó parí iye ni ọ̀pọ̀ fi ń ka ènìyàn sí ẹni tó ti gbà á tán. Ẹni tó gba èkejì lọ́jọ́ Ajé tó sì fẹ́ fò lọ́jọ́ Ẹtì kò tíì gbà á tán lójú wọn. Ní Yúróòpù, ìwé ẹlẹ́rọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n fi gbèdéke ọjọ́ 270 sí i lẹ́yìn náà fún ẹni tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àfikún. Ní Amẹ́ríkà, àjèjì tó fẹ́ bá bàálù wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2021 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

6. Yẹ́lò káàdì, tí kò lọ síbì kan

Ìwé kékeré aláwọ̀ ìyeyè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní ọ̀wọ̀ jù, torí lónìí, òun ló ń dá ènìyàn padà ju COVID-19 lọ. Ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ nìkan ni Òfin Ìlera Àgbáyé dárúkọ ní tààrà pé orílẹ̀-èdè lè béèrè ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí àlejò wọlé. Ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn náà kiri. Orílẹ̀-èdè tó ní ẹ̀fọn yẹn ṣùgbọ́n tí kò ní àrùn ló máa ń le jù, torí ẹnì kan tó bá gbé e dé lè tan iná ọ̀ràn.

Abẹ́rẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé lẹ́yìn ọjọ́ 10. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí náà ti di ti ìgbésí ayé, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ọjọ́ kọ lé e. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń jiyàn, ẹ fi ojú-ewé ìjọba orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ hàn án.

Ẹ ṣí káàdì yín báyìí, kí ẹ wò ó. Ṣé orúkọ bá ti ìwé ìrìnnà mu? Ṣé ẹ fọwọ́ sí i fúnra yín? Ṣé oníṣègùn fọwọ́ sí i, kì í ṣe òǹtẹ̀ nìkan? Ṣé òǹtẹ̀ ibi tí ẹ ti gbà á wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà ìdì rẹ̀? Ṣé wọ́n fi lẹ́tà kọ oṣù? Èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan, káàdì kan: ọmọ ọwọ́ kì í sá sábẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, wọn kì í sábà fún un ní abẹ́rẹ́ náà, àmọ́ ẹ ka ọjọ́ orí tí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ dá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á nítorí àìsàn, kí dókítà kọ ọ́ sí abala tó wà fún un nínú káàdì náà.

Àwọn tí kò ti ìlú tó ní àrùn yìí wá máa ń gbàgbé nǹkan kan: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá fi ohun tó ju wákàtí 12 lọ jókòó ní pápákọ̀ ìlú tó ní àrùn náà ti di ẹni tó ti ibẹ̀ wá. Ẹ padà sídìí bébà yín, kí ẹ ka wákàtí.

Abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà fún àwọn tó ń jáde láti orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ṣì ń jà: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí oṣù méjìlá kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀. Ti yírùnyírùn fún Saudi Arabia, ó kéré tán, ọjọ́ 10 ṣáájú kí ẹ tó débẹ̀. Méjèèjì lè wọ inú ìwé kan náà.

7. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì

Fọ́ọ̀mù tó ń bi yín níbi tí ẹ máa dé sí àti nọ́ńbà ìjókòó, kò le, ó kàn ń jẹ àkókò ni. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí sílẹ̀ títí á fi ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ kíyè sí àdírẹ́sì ojú-ewé náà, torí àwọn kan máa ń ṣe ojú-ewé tó jọ ti ìjọba tí wọ́n á sì gba owó lórí ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Tí kóòdù bá jáde, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí fóònù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Íntánẹ́ẹ̀tì pápákọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbára lé, bátìrì sì máa ń kú nígbà tó bá ku ènìyàn méjì kí ó kàn yín.

Ìbomú ńkọ́? Ẹ mú mélòó kan dání. Ó tán.

8. Ní káńtà, àti lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀

Ẹ to ìwé yín bí wọ́n ṣe máa béèrè wọn: ìwé ìrìnnà àti físà, èsì àyẹ̀wò, ìwé abẹ́rẹ́, fọ́ọ̀mù, ìwé òfin tí ẹ tẹ̀ síta. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń gba ènìyàn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò pé, ẹ má pariwo. Ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí." Tó bá jẹ́ pé òfin àná ló ń kà, ẹ fi ti òní hàn án, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pe ọ̀gá rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe, ẹ bi í kíá bóyá ibi àyẹ̀wò wà nínú pápákọ̀, kí ẹ sì gba ìwé pé wọn ò jẹ́ kí ẹ wọlé, ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn oníbánigbófò.

Ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Lọ́dún 1377 ni ìlú Ragusa, tí wọ́n ń pè ní Dubrovnik lónìí, ti pàṣẹ pé kí àwọn tó bá ti ibi tí àjàkálẹ̀ ti ń jà wá dúró síta fún ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà COVID-19, New Zealand fi ọjọ́ 14 sí i ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ìjọba yàn, Hong Kong dé ọjọ́ 21 nígbà kan. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ náà. Nígbà yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èrò balẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, òun ni wọ́n pè ní ọjọ́ òdo. Alẹ́ 11 ni èrò sanwó rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé náà wà níbẹ̀. Bí àyẹ̀wò ìpadàbọ̀ bá fi àrùn hàn lára yín, ibi tí ẹ lọ ni ẹ máa wà títí yóò fi lọ. Kí ẹ tó gbéra, ẹ wo ọjọ́ tí físà yín máa parí kí ẹ rí i pé ó ju ọjọ́ ìpadàbọ̀ lọ dáadáa, kí ẹ bi àwọn oníbánigbófò bóyá wọ́n ń san owó hòtẹ́ẹ̀lì ẹni tí wọ́n sé mọ́ tàbí ti ìtọ́jú nìkan. Oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ kó èyí tó máa tó yín fún ọ̀sẹ̀ méjì lé ní iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò, kí ó wà nínú báàgì tí ẹ ń gbé wọ bàálù, pẹ̀lú ìwé dókítà tó kọ ọ́.